Kànga Tí Wọ́n Ń Kùn Lọ́dà

Ìwọ tí ìwé kékeré yìí bọ́ sí lọ́wọ́, jókòó díẹ̀ ná. Mo mọ̀ pé ó ti rẹ̀ ọ́. Ìtàn ọkùnrin kan tí ó rẹ òun náà ni mo fẹ́ sọ fún ọ, kò sì ní pẹ́.

Alága ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Òun ló dá ẹgbẹ́ aláàánú kan sílẹ̀ nígbà tí kò tíì ní ju bàtà kan lọ, torí pé omi kò sí lórí òkè tí wọ́n ń gbé, odò tó wà nísàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lọ́hùn-ún ni àwọn ìyá ti ń pọnmi. Ọkàn kan ló fi bẹ̀rẹ̀. Ó kọ̀wé sí àjọ kan tó ń fún àwọn ẹgbẹ́ kéékèèké ní owó ìrànwọ́, wọ́n dá a lóhùn, wọ́n gbẹ́ kànga, wọ́n gbé ẹ̀rọ tó ń fa omi lé e, omi sì jáde. Ìyá rẹ̀, opó tí yàrá rẹ̀ kò jìnnà sí kànga náà, ló kọ́kọ́ gbé korobá sí i. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó jó.

Kò pẹ́ tí ẹ̀rọ fi bàjẹ́. Alága kọ̀wé sí àjọ mìíràn pé kí wọ́n fún òun lówó àtúnṣe, owó sì wọlé. Ṣùgbọ́n owó náà bá a níbi tó ti ń wo mọ́tò kan. Ó ní alága ẹgbẹ́ tó ń fẹsẹ̀ rìn, ta ni yóò kà á sí? Ó ra mọ́tò náà. Ó ní owó tó bá tún wọlé ni òun yóò fi tún ẹ̀rọ ṣe.

Nígbà tí àjọ náà ní àwọn ń bọ̀ wá wo iṣẹ́, àyà rẹ̀ já. Ó pe ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó ń ṣiṣẹ́ kunlékunlé, ẹni tí wọ́n jọ ń mutí láti kékeré, pé kó bá òun kun kànga náà ní búlúù, kó sì kọ orúkọ àjọ náà gàdàgbà sórí pátákó. Wọ́n fi táǹkì kékeré kan pamọ́ sẹ́yìn ògiri, ọkọ̀ agbómi da omi sínú rẹ̀, wọ́n sì fi páìpù fà á dé ẹnu ẹ̀rọ. Alága bẹ àwọn ará àdúgbò pé kí wọ́n tò pẹ̀lú korobá lọ́wọ́. Wọ́n tò. Wọ́n rò pé bí owó bá tún wọlé, omi á dé lóòótọ́. Àwọn àlejò ṣí ẹ̀rọ, omi tú yàà, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n wọkọ̀ lọ. Kí wọ́n tó dé títì, táǹkì ti gbẹ.

Ọjọ́ yẹn ni Alága mọ ohun tí kò yẹ kó mọ̀, pé kànga tó bàjẹ́ ń pa owó wọlé ju kànga tó lómi lọ. Ta ni yóò fi owó ìrànwọ́ ránṣẹ́ síbi tí nǹkan ti ń lọ déédéé? Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Láti ìgbà náà, bí àjọ kan bá ti kọjá, wọ́n á tún kànga kùn fún àjọ tó kàn. Lẹ́yìn búlúù, yẹ́lò. Lẹ́yìn yẹ́lò, pupa. Ká ní ọ̀dà ṣe é mu ni, òùngbẹ ì bá ti tán ní àdúgbò náà.

Ìyá rẹ̀ ló máa ń wà níwájú ìlà nígbà gbogbo, pẹ̀lú korobá pupa rẹ̀ àti aṣọ tó dára jù nínú àpótí rẹ̀. Àwọn àlejò fẹ́ràn ojú rẹ̀. Fọ́tò rẹ̀ wà lára ògiri ọ́fíìsì àwọn ènìyàn tí kò mọ orúkọ rẹ̀. Bí wọ́n bá ti lọ tán, yóò bọ́ aṣọ náà, yóò ká a, yóò sì gba ọ̀nà odò lọ. Kò bi ọmọ rẹ̀ ní nǹkan kan rí. Alága rò pé arúgbó kò mọ ohun tó ń lọ.

Ọ̀rẹ́ mi, irọ́ wúwo ju omi lọ. Ọkùnrin yìí ní láti máa rántí irọ́ tó pa fún àjọ yìí kó má baà ta ko èyí tó pa fún tọ̀hún. Bí fóònù bá dún, àyà rẹ̀ á já. Ọtí tó ń mu kó lè rí oorun sùn kò mú oorun wá mọ́. Bó bá jí láàárọ̀, yóò jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, yóò máa wo bàtà rẹ̀, àtiwọ̀ ọ́ yóò sì di iṣẹ́. Ó ti rẹ̀ ẹ́ dé egungun.

Ìgbà náà ni àjọ kan tó tóbi ju gbogbo àwọn tó kù lọ sọ pé àwọn ń rán obìnrin kan wá wo kànga. Bí obìnrin náà bá fi lè lọ tayọ̀tayọ̀, owó tí yóò wọlé á tó ohun tí Alága yóò sinmi lé títí ayé. Ó ní, "Ẹ̀ẹ̀kan yìí péré, màá sì sinmi."

Ó ránṣẹ́ pe kunlékunlé. Ó wá, ṣùgbọ́n kò mú búrọ́ọ̀ṣì dání.

"Mi ò kùn ún mọ́, ọ̀rẹ́."

"Ṣé owó tí mò ń fún ẹ ló kéré ni? Sọ̀rọ̀ jàre."

"Kì í ṣe ti owó. Mo ti fayé mi fún Jésù. Ọwọ́ mi yìí náà ni mo fi ń kun irọ́ látọjọ́ yìí, mo sì ti bẹ Ọlọ́run. Wo kànga yìí. A fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, à ń pa làpálàpá. Bí èmi àti ìwọ ṣe rí náà nìyẹn. A dán lóde, inú wa gbẹ."

Alága rẹ́rìn-ín. "Ṣé èmi ò kí ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì ni? Àga iwájú ni mò ń jókòó sí."

"Ọ̀dà náà nìyẹn," ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ wí. "Jésù kì í kunni lọ́dà. Inú ló máa ń tún ṣe. Ó kú nítorí ẹ̀ṣẹ̀ tèmi tìrẹ. Ó ti rẹ̀ ẹ́, mo rí i lójú ẹ. Gbé ẹrù yẹn fún un."

"Máa lọ, pásítọ̀ oníbúrọ́ọ̀ṣì."

Alága ra ọ̀dà fúnra rẹ̀, ó sì kun kànga náà ní àwọ̀ ewé. Kò mọ̀ ọ́n kùn. Ọ̀dà lẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́ dé ìgbọ̀nwọ́, kẹrosíìnì kò sì ṣí i tán. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, awakọ̀ agbómi pè é pé ọkọ̀ òun ti kú sọ́nà, òun kò ní lè dé kí àlejò tó dé. Alága wá ọkọ̀ mìíràn títí, kò rí. Iwájú yàrá ìyá rẹ̀ ló dúró sí tó ń ráhùn pé òun gbé, pé ìtìjú ọ̀la yóò pa òun. Ìyá náà wò ó, ó sì wọlé lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, obìnrin náà dé. Àwọn ará àdúgbò ti tò, ṣùgbọ́n ipò ìyá rẹ̀ níwájú ìlà ṣófo. Bí àlejò ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ni aládùúgbò kan sáré wá sọ sí Alága létí pé ìyá rẹ̀ ti ṣubú lọ́nà odò, kò sì lè dìde.

Alága wo ọ̀nà odò. Ó wo obìnrin tó ń na ọwọ́ sí i.

"Ẹ bá mi gbé wọn lọ sọ́sibítù," ló sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Mò ń bọ̀."

Ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́, ó bọ àlejò lọ́wọ́. Ó wù mí kí n fo ibí yìí nínú ìtàn náà, ṣùgbọ́n kò ṣe é fò.

Obìnrin náà ṣí ẹnu ẹ̀rọ. Alága dijú, ó ń dúró de ìtìjú. Omi sì jáde. Kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó kún àtẹ́lẹwọ́ obìnrin náà, ó dà sílẹ̀ díẹ̀, kó tó dá. Alága ní iná ló lọ. Obìnrin náà gbà á gbọ́, ó ya fọ́tò, ó ní kí wọ́n máa retí ìròyìn ayọ̀.

Níbo ni omi ti wá? Ohun tí Alága ń bi ara rẹ̀ nìyẹn títí ó fi dé ilé ìwòsàn.

Kunlékunlé ló bá létí bẹ́ẹ̀dì. Òun ló pọn ìyá náà sẹ́yìn gun òkè. Egungun ìbàdí ló kán. Korobá pupa wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti là. Ìyá la ojú, ó rí ọmọ rẹ̀ àti ọ̀dà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ọkọ mi, ṣé omi yẹn tó?"

"Omi wo, Màmá?"

"Èyí tí mo pọn sí táǹkì. Àtìdájí ni mo ti ń lọ tí mò ń bọ̀. Mo ní kí n lọ lẹ́ẹ̀kan sí i ni ẹsẹ̀ mi yọ̀. Mi ò fẹ́ kójú tì ẹ́ níwájú àlejò."

Alága wo korobá tó là náà. "Ṣé ẹ ti mọ̀ ni, Màmá?"

"Ṣebí èmi ni mo bí ẹ. Mo mọ̀ látìgbà búlúù. Mo kàn ń gbàdúrà kó sú ẹ ni."

"Ó ti sú mi, Màmá."

Ó wólẹ̀ sáàárín bẹ́ẹ̀dì méjì, ó sunkún bí ọmọdé. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ gbé ọwọ́ lé e léjìká, kò wàásù. Alága fúnra rẹ̀ ló gbàdúrà: "Jésù, mo ti kun ara mi títí, kò bo nǹkan kan. Mo fi òùngbẹ àwọn ènìyàn jalè. Ìyá mi ló ń fi orí ru irọ́ mi. Ṣàánú mi. Wẹ̀ mí. Wá tún inú mi ṣe."

Mi ò ní parọ́ fún ọ pé mànàmáná kọ. Nọ́ọ̀sì kan ní kí wọ́n rọra sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ẹrù sọ̀ kalẹ̀ ní ọrùn ọkùnrin yẹn, ó sì mọ̀ pé ó sọ̀.

Kò tíì kúrò níbẹ̀ tó fi pe obìnrin tó wá wo kànga náà lórí fóònù, tó sì jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Obìnrin náà jẹ́ kó sọ ọ́ tán.

"Ẹ mọ̀ pé owó yẹn ti bọ́ lọ́wọ́ yín nìyẹn?"

"Mo mọ̀, mà."

Ó lọ bá àwọn àjọ tó kù. Àwọn kan dárí jì í, òmíràn fi ọlọ́pàá mú un, ó sì ń san owó wọn padà títí di òní. Ó sọ̀ kalẹ̀ lórí àga alága. Àwọn ará àdúgbò bú u, ó gbà á, ó tọ́ sí i. Ó ta mọ́tò, ó fi tún ẹ̀rọ ṣe, kunlékunlé sì ha ọ̀dà ara kànga kúrò títí símẹ́ńtì fi yọjú. Má ṣì mí gbọ́ o. Kì í ṣe mọ́tò tó tà ló gbà á là. Orí ilẹ̀ ilé ìwòsàn ni Jésù ti gbà á, nígbà tí kò tíì tún ohunkóhun ṣe.

Lọ́jọ́ tí omi jáde, ó bu ife kan lọ fún ìyá rẹ̀, tó ti ń fi ọ̀pá rìn. Ìyá wo ife, ó wo kànga, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá aṣọ rẹ̀ tó dára.

"Ta ló ń bọ̀ lónìí?"

"Kò sẹ́ni tó ń bọ̀, Màmá. Omi ni."

Ó mu ún tán. Ó ní kó tún bu òmíràn wá.

Ìwọ ńkọ́, ọ̀rẹ́ mi? Ẹ̀ẹ̀melòó ni o ti kun ara rẹ? Ta ló ń gun òkè, tó ń sọ̀ ọ́, nítorí irọ́ tìrẹ? Má sọ pé o fẹ́ kọ́kọ́ tún ara rẹ ṣe kí o tó wá. Ọ̀dà mìíràn nìyẹn. Má sì sọ pé ó di ọ̀la, torí ọ̀la kò sí lọ́wọ́ rẹ. Níbi tí o jókòó sí yìí, lónìí, pe Jésù. Sọ fún un pé ó ti sú ọ. Kò ní yà á lẹ́nu. Ó ti mọ̀ láti ìgbà ọ̀dà àkọ́kọ́, ó sì ń dúró dè ọ́.