Ohùn Lẹ́yìn Ògiri Imọ̀ Ọ̀pẹ

Ẹni tó bá fẹ́ pè mí ní onírọ́, kó pè mí. Àwọn tí ọ̀rọ̀ yìí ṣojú wọn ṣì wà lẹ́bàá odò Juruá.

Surukuku ló bu Edimar ṣán láàárọ̀ kùtù, níbi tó ti ń gba oje igi rọ́bà. Paramọ́lẹ̀ inú igbó ńlá ibẹ̀ ni, ó gùn ju ènìyàn lọ. Wọ́n gbé Edimar wá sínú ahéré kékeré tó wà lẹ́yìn ilé. Lọ́dọ̀ wọn, aláboyún kì í fojú kan ẹni tí ejò bù ṣán. Bó bá wò ó pẹ́nrẹ́n, ẹni náà kú nìyẹn. Delzuita, ìyàwó Edimar, sì wà nínú oyún.

Zulmira, ìyá Edimar, ló dúró tì í. Àbúrò Edimar ti wa ọkọ̀ ojú omi lọ wá oògùn, ilẹ̀ á ṣú kó tó dé. Zulmira kì í fi irú èyí ṣeré. Ó ní bí òun bá rí ẹsẹ̀ Delzuita lẹ́nu ọ̀nà ahéré, òun á so ó mọ́lẹ̀ bí ewúrẹ́. Delzuita rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó sì bú sẹ́kún.

Ó yí lọ sẹ́yìn ahéré, ó jókòó, ó fẹ̀yìn ti ògiri imọ̀ ọ̀pẹ. Oòrùn wà lókè. Ẹyẹ kankan kò ké. Ó kàn fẹ́ wà nítòsí ọkọ rẹ̀ ni.

"Delzu."

Ohùn Edimar ni. Ó lọ sílẹ̀, ó gbẹ.

"Mo wà níbí. Ṣé ó ń dùn ọ́?"

"Kò dùn mí mọ́. Òtútù ló ń mú mi. Ara yín gbóná. Mo ń mọ̀ ọ́n láti ibí. Ìwọ àti ọmọ."

Wọ́n jọ sọ̀rọ̀ títí oòrùn fi rọlẹ̀. Ó ní Auriza ni kí ọmọ máa jẹ́. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀ ẹ́ pé kó ṣí imọ̀ náà díẹ̀, kó wo òun lẹ́ẹ̀kan péré. Delzuita ti di imọ̀ náà mú. Ó tún fi í sílẹ̀.

"Mi ò lè wò ọ́," ó ní. "Mo fẹ́ kí o yè."

Zulmira ti etí odò bọ̀, ó bá a níbẹ̀. Ojú ìyá náà ti wú.

"Ta lò ń bá sọ̀rọ̀?"

"Edimar ni, Màmá."

Zulmira di ògiri mú. "Edimar ti kú kí ọ̀sán tó pọ́n, ọmọ mi. Ẹ̀rù oyún yẹn ló bà mí tí mi ò fi sọ fún ọ. Ahọ́n rẹ̀ ti wú láti àárọ̀, kò sọ nǹkan kan."

Wọ́n wọlé. Láàárín òkú àti ògiri, ipa ohun kan tó ká jọ róbótó wà lórí iyẹ̀pẹ̀. Wọn kò rí ibi tó gbà lọ.

Ìbànújẹ́ Delzuita kò lópin. Bóyá Edimar gan-an ló bẹ òun, tí òun sì kọ̀ láti wò ó.

Nígbà tí oṣù rẹ̀ pé, obìnrin ló bí. Ó ní Auriza lorúkọ rẹ̀. Zulmira bi í léèrè ta ló sọ ọmọ ní orúkọ yẹn.

"Bàbá rẹ̀ ni," Delzuita dáhùn. Ó gbójú sókè. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ pé bàbá rẹ̀ ni."

Zulmira gba ọmọ náà mọ́ra. Kò lè sọ ọ́.