Bá Mi Wo Bébà Mi

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, wọ́n kó gbogbo àga híhun kúrò ní yàrá kẹta, wọ́n gbé tábìlì mẹ́wàá wọlé. Iná kékeré kan wà lórí tábìlì kọ̀ọ̀kan.

Ibùdó kan tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn aláàbọ̀ ara níṣẹ́ ọwọ́ ni. Alábòójútó dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Kò sẹ́ni tó ń ra àga híhun mọ́," ó wí. "Ẹ̀yin náà rí i. Wọ́n kún yàrá ìkẹ́rù dé òrùlé. Láti òní lọ, títún fóònù ṣe la óò máa kọ́ níbí. Ẹni mẹ́wàá la máa mú."

Àwọn tó ń hun àga jẹ́ mẹ́rìnlá. Ọmọbìnrin kan wà láàrin wọn, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún. Ní ọdún méjì sẹ́yìn, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gé bébà ní ilé ìtẹ̀wé àbúrò bàbá rẹ̀ gé ìka mẹ́ta lọ ní ọwọ́ òsì rẹ̀. Àtàǹpàkò àti ọmọńdinrín ló kù níbẹ̀. Síbẹ̀, kò sí ẹni tó ń hun àga yá jù ú lọ. Ó dá a lójú pé wọ́n máa mú òun.

Ọ̀gá tó wá kọ́ wọn jẹ́ ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ tí ojú rẹ̀ kan kò ríran. Ó ń wo ọwọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó dé ọ̀dọ̀ ọmọbìnrin náà, ó dúró, ó ń rò ó.

Ibẹ̀ ni ọmọkùnrin kan ti dá sí ọ̀rọ̀ náà. Agbẹjọ́rò ni wọ́n ń pè é, torí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Ọ̀pá méjì ló fi ń rìn.

"Ọ̀gá mi, ẹ jẹ́ n bá ilé ẹjọ́ sọ̀rọ̀," ó wí. "Nọ́ọ̀tì inú fóònù ò tó èèrà. Ìka Méje yìí, kí ló fẹ́ fi mú un? Eyín?"

Gbogbo yàrá bú sẹ́rìn-ín. Alábòójútó pàápàá fi ìwé bo ẹnu. Orúkọ yẹn kò sí tẹ́lẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn, ọmọbìnrin náà kò ní orúkọ míì mọ́ níbẹ̀.

Ọ̀gá kò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó kọ orúkọ rẹ̀ sí ipò kọkànlá.

"Wàá jókòó, wàá máa kọ́ ọ," ó sọ fún un. "Ìdánwò máa wà ní òpin ọ̀sẹ̀ kejì. Bí ẹnì kan nínú mẹ́wàá bá jákulẹ̀ nínú rẹ̀, àyè rẹ̀ di tìẹ. Bí kò bá sẹ́ni tó já, ó di ọdún tó ń bọ̀."

Tábìlì kò tó. Ẹ̀gbẹ́ tábìlì Agbẹjọ́rò ni wọ́n fi ọmọbìnrin náà sí.

Ọ̀nà iṣẹ́ Ọ̀gá kò le. Kí o tó tú fóònù, wàá ya àwòrán rẹ̀ sórí bébà funfun. Nọ́ọ̀tì tó bá wá láti òkè fóònù, òkè bébà ló máa wà. Èyí tó bá wá láti ìsàlẹ̀, ìsàlẹ̀ ni. Ó fi fóònù kan tó ti bàjẹ́ hàn wọ́n lábẹ́ iná.

"Gígùn nọ́ọ̀tì ò dọ́gba," ó wí. "Ẹnì kan de nọ́ọ̀tì gígùn sínú ihò kúkúrú. Ẹ wò ó, ó gún bọ́ọ̀dù, tó jẹ́ ọpọlọ fóònù, ní àgúnyọ. Ó kú nìyẹn. Èmi ò lè jí i, ẹ̀yin náà ò lè jí i."

Nínú yàrá yẹn, ìrìn kì í yá. Ẹlòmíì ń fi ọ̀pá rìn, ẹlòmíì wà lórí kẹ̀kẹ́. Kí ènìyàn tó lọ sí tábìlì Ọ̀gá kó tó padà, fáànù lè gbé bébà rẹ̀, apá aṣọ ẹlòmíì sì lè gbá nọ́ọ̀tì rẹ̀ dànù. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ní ọ̀rọ̀ kan. Ẹni tó bá fẹ́ dìde á yíjú sí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, á ní, "Bá mi wo bébà mi." Ẹni tí wọ́n bá sọ ọ́ fún kò ní kúrò níbẹ̀ títí onítọ̀hún á fi dé. Kò sí ẹni tó kọ́ wọn. Iṣẹ́ ló kọ́ wọn.

"Ìka Méje, bá mi wo bébà mi," ni Agbẹjọ́rò máa ń sọ. "Ṣùgbọ́n má ka nọ́ọ̀tì mi o. Ìka ẹ ò ní tó kà á."

"Máa lọ jàre. Kí o tó dé ọ̀hún kí o tó padà, wọ́n á ti ṣe fóònù tuntun jáde."

Wọ́n á rẹ́rìn-ín. Agbẹjọ́rò ló máa ń rín jù. Ọmọbìnrin náà kì í rín. Ó ń tọ́jú ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan pa mọ́.

Ó ń kọ́ṣẹ́. Ó ń fi àtàǹpàkò àti ọmọńdinrín di ẹ̀mú kékeré mú títí ọwọ́ rẹ̀ kò fi gbọ̀n mọ́. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ kejì fi máa parí, ó ti yá ju mẹ́rin lọ nínú àwọn mẹ́wàá. Ṣùgbọ́n kò sí èyí tó dà bí ẹni tó máa já nínú wọn. Agbẹjọ́rò sì mọṣẹ́ ju gbogbo wọn lọ.

Kì í ṣe àyè nìkan ni ọmọbìnrin náà fẹ́ mọ́. Ó fẹ́ kí àwọn yòókù fi Agbẹjọ́rò náà rẹ́rìn-ín.

Ẹnì kan ṣoṣo ló wà ní Ibùdó tí kò pè é ní Ìka Méje rí. Ìyá Onígbálẹ̀ ni. Ẹ̀wù iṣẹ́ wọn ní bọ́tìnnì lẹ́yìn ọrùn. Láti ọjọ́ tí ọmọbìnrin náà ti dé, màmá yìí á gbé ìgbálẹ̀ ti ògiri láràárọ̀, á bá a de bọ́tìnnì náà, á tún gbé ìgbálẹ̀ rẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì ni ìdánwò. Ọ̀gá da fóònù mẹ́wàá sórí tábìlì.

"Òkú fóònù lẹ ti ń tú," ó wí. "Tòní ní ẹni tó ni ín. Àwọn òṣìṣẹ́ Ibùdó ló kó wọn wá. Ẹ ṣe é bí iṣẹ́ ẹni tó ń dúró dè é níta."

Fóònù dúdú kan, tí wọ́n so òwú pupa mọ́, ló kan Agbẹjọ́rò. Kò dún mọ́. Ẹ̀yà tó ń gbé ohùn jáde ló bàjẹ́. Ó ya àwòrán rẹ̀, ó tú u, ó to nọ́ọ̀tì mẹ́sàn-án sórí bébà. Ọwọ́ rẹ̀ yá, ó sì mọ́. Ó kó ọ̀pá rẹ̀ méjèèjì sábẹ́ abíyá láti lọ gba ẹ̀yà tuntun.

"Ìka Méje, bá mi wo bébà mi."

Kò fi àpárá kún un lọ́tẹ̀ yìí.

Ọmọbìnrin náà wo ẹ̀yìn rẹ̀ bó ṣe ń fi ọ̀pá lọ. Kọ̀. Kọ̀. Kọ̀. Ó gbé ẹ̀mú. Ó mú nọ́ọ̀tì gígùn ní ìsàlẹ̀ bébà, ó gbé e sókè. Ó mú kúkúrú ní òkè, ó gbé e sísàlẹ̀. Ìka méjì tó kù lọ́wọ́ òsì rẹ̀ ló fi ṣe é. Kò gbọ̀n.

Agbẹjọ́rò padà dé, ó jókòó. "O ṣeun," ó wí.

Ó fi ẹ̀yà tuntun sí i. Ó ń de nọ́ọ̀tì. Èyí tó kẹ́yìn le díẹ̀. Ó fún un ní agbára kan sí i. Ojú fóònù ṣókùnkùn.

Ọ̀gá tú u, ó gbé e sábẹ́ iná, ó fi ojú rẹ̀ tó ń ríran wò ó pẹ́.

"Nọ́ọ̀tì gígùn," ó wí.

"Ọ̀gá, mo tò wọ́n bó ṣe yẹ."

"Ọwọ́ ta ló dè é?"

"Ọwọ́ mi ni."

"Ta ló bá ẹ wo bébà?"

"Ìka Méje ni. Kò kúrò níbẹ̀, mo ń rí i. Àbí ẹnì kan fọwọ́ kàn án?"

"Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án," ni ọmọbìnrin náà dáhùn.

Agbẹjọ́rò mi orí. Ó gbà á gbọ́. Ọ̀gá fagi lé orúkọ Agbẹjọ́rò.

Bí Agbẹjọ́rò ṣe ń jáde lọ, ọmọbìnrin náà gbóhùn sókè. "Agbẹjọ́rò! Ilé ẹjọ́ ti túká?"

Yàrá bú sẹ́rìn-ín, gẹ́gẹ́ bí ó ti ṣe ní ọjọ́ kìíní.

"Ó ti túká," ó wí. Kò bojú wẹ̀yìn.

Ẹ̀rín yẹn dùn mọ́ ọmọbìnrin náà títí ó fi délé. Ìyá rẹ̀ wà nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ.

"Màámi, wọ́n ti mú mi!"

"Ọpẹ́ o. Ta ló já?"

"Ẹni tó fi mí ṣẹ̀sín ni."

Ìyá rẹ̀ dá ẹsẹ̀ dúró lórí ẹ̀rọ. "Ó já fúnra rẹ̀?"

Ọmọbìnrin náà ní òun fẹ́ lọ bọ́ aṣọ. Ìyá rẹ̀ kò tún bi í mọ́.

Ní ọjọ́ Ajé, ó jókòó sí tábìlì tó ti di tirẹ̀. Ìyá Onígbálẹ̀ wọlé. Fóònù dúdú tí wọ́n so òwú pupa mọ́ ló mú dání.

"Ọ̀gá, wọ́n ní ó ti kú," ó wí. "Ṣé ẹ ò lè jí i fún ìṣẹ́jú kan péré?"

"Màmá, ibi tó ń kó nǹkan pa mọ́ sí gan-an ni nọ́ọ̀tì gún. Ẹ má bínú."

"Kì í ṣe fóònù ló ń dùn mí. Ohùn ọmọ mi ló wà níbẹ̀. Ó fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lọ́jọ́ tí mọ́tò gbá a pa. Ó ní, 'Màámi, mo ti wà lọ́nà, ẹ má tilẹ̀kùn.' Òun nìkan ni mo ní tó kù nínú ọmọ náà. Nígbà tí kò dún mọ́ ni mo gbé e wá, kí n lè tún gbọ́ ọ."

 

"Ó dáa," ni màmá náà wí. Ó fi òpin aṣọ nu ojú. "Ẹni tó pa ohùn ọmọ mi, kó má gbọ́ ohùn tó máa dùn mọ́ ọn láyé."

Ó fi fóònù sínú àpò. Ó gbé ìgbálẹ̀ ti ara ògiri. Ó bọ́ sẹ́yìn ọmọbìnrin náà bó ti ń ṣe láràárọ̀, ó di bọ́tìnnì mú.

"Màmá, ẹ fi sílẹ̀."

"Kí ló dé?"

"Èmi ni."

"Ìwọ ni kí ni?"

"Kì í ṣe Agbẹjọ́rò. Èmi ni mo pààrọ̀ nọ́ọ̀tì. Òun ni mo fẹ́ ṣe é sí. Mi ò mọ̀ pé tiyín ni."

Màmá náà gbé ọwọ́ kúrò lọ́rùn rẹ̀. Ó gbé ìgbálẹ̀ rẹ̀, ó jáde. Bọ́tìnnì wà ní ṣíṣí bẹ́ẹ̀.

Wọ́n ránṣẹ́ pe Agbẹjọ́rò. Ọ̀gá sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un lójú gbogbo wọn. Ọmọbìnrin náà bẹ̀ ẹ́.

"Mo fi ìka ẹ ṣe yẹ̀yẹ́," ni Agbẹjọ́rò wí. "Mo sì mọ ohun tó ṣe fún ẹ lọ́jọ́ yẹn. Ká ní o bú ẹsẹ̀ mi padà, ọ̀rọ̀ ti tán. Ká ní o là mí ní igi, ó tọ́ sí mi. Ṣùgbọ́n ìwọ ni mo fi bébà mi sílẹ̀ fún. Mi ò tíì lè dárí jì ẹ́."

Kò dá àpárá kankan. Ó jókòó sí tábìlì rẹ̀. Wọ́n yọ orúkọ ọmọbìnrin náà kúrò, wọ́n ní kó padà wá lọ́dún tó ń bọ̀ bó bá ṣì wù ú.

Ó padà wá. Ó ti fi ọdún kan tú òkú fóònù nílé, ó ti kọ́ bí ènìyàn ṣe ń fi ọwọ́ kan de bọ́tìnnì ẹ̀yìn ọrùn. Ìyá Onígbálẹ̀ ṣì ń gbálẹ̀ níbẹ̀. Ọmọbìnrin náà ń kí i láràárọ̀. Ó ń dáhùn. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ̀yin ọmọdé tó ń ka ìtàn yìí, ìbínú ọmọ náà kò ṣẹ̀yìn ohun tí wọ́n ṣe fún un. Ara Agbẹjọ́rò ló ti fẹ́ gbẹ̀san. Ara ẹni tó ṣàánú rẹ̀ ni ẹ̀san náà bọ́ sí. Bí wọ́n bá ṣẹ̀ yín, ẹ sọ ọ́ jáde lójú ẹni tó ṣẹ̀ yín. Ẹ má ṣe é lẹ́yìn rẹ̀, torí ẹ ò mọ ẹni tó dúró síbẹ̀.

Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ padà jókòó, Ọ̀gá gbé bébà funfun kan, ẹ̀mú kan àti ife ike kan síwájú rẹ̀.

"Kí ni ife wà fún, Ọ̀gá?"

Ọ̀gá nawọ́ sí inú yàrá. Ife wà lórí gbogbo tábìlì. Agbẹjọ́rò, tó ti di igbákejì Ọ̀gá, fẹ́ dìde lọ gba ẹ̀yà. Ó da ife tirẹ̀ dé orí nọ́ọ̀tì rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ó mú ọ̀pá rẹ̀ méjèèjì. Kò ní kí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bá òun wo bébà òun.