Owó Àlájà, Ẹnu Jàmíátù

Ìbọ̀sẹ̀ ọmọ ìkókó ni Àbídéènì kọ́kọ́ rí, ìbọ̀sẹ̀ pupa kan tí wọ́n fi bo orí mìkìró tí wọ́n fi ń gba ohùn sílẹ̀, kó tó rí ọwọ́ tó di mìkìró náà mú, kó tó wá rí obìnrin tó ni ọwọ́. Atẹ́gùn òkun Sẹ̀mẹ̀-Kpójì ń fẹ́ ìborùn obìnrin náà lu ojú rẹ̀, kò sì tilẹ̀ gbá a kúrò. Ó jókòó sórí ọkọ̀ ojú omi kan tí wọ́n dojú rẹ̀ dé, ó ń tẹ́tí sí ìyá arúgbó kan bí ẹni pé kò sí ohùn mìíràn láyé.

Níbi tó kọ ẹ̀yìn sí, èrò tò síwájú ọkọ̀ ìrẹsì tí Àbídéènì kó wá. Àlájà Ràhámátù, ìyá Àbídéènì, tó ń ta aṣọ ní ọjà Tọ̀kpá ní Kútọnu, ló dá ẹgbẹ́ àánú kan sílẹ̀ ní orúkọ ọkọ rẹ̀ tó ti kú. Àbídéènì ló ń bójú tó ẹgbẹ́ náà. Kí àwẹ̀ tó wọlé lọ́dọọdún, wọ́n a pín ìrẹsì, àwọn oníròyìn a sì wá ya fọ́tò. Obìnrin yìí nìkan ni kò wo ibẹ̀.

Àbídéènì sún mọ́ ọn. "Ẹ jọ̀ọ́, kí ni mìkìró yín ń fi ìbọ̀sẹ̀ ṣe?"

"Òtútù ń mú un," ni obìnrin náà wí, kò rẹ́rìn-ín. Nígbà tó rí i pé ọkùnrin náà ń ro ó lóòótọ́, ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀. "Kí atẹ́gùn má baà bo ohùn Ìyá mọ́lẹ̀ ni. Ṣé ẹ̀yin lẹ ni ìrẹsì?"

"Ìyá mi ni. Ẹ ò ní bá àwọn tó ń gbà á sọ̀rọ̀?"

"Mo ti bi wọ́n. Wọ́n ní ẹ ṣeun, kí Ọlọ́run bù sí i. Lẹ́yìn náà, wọ́n ní òkun ń gbé ilé àwọn lọ díẹ̀díẹ̀, àwọn ò sì mọ ẹni tí àwọn lè sọ ọ́ fún. Ọ̀rọ̀ kejì yẹn ni mo wá gbọ́."

Jàmíátù ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Nàgó láti Pobẹ̀. Ó ń ṣiṣẹ́ ní rédíò kékeré kan ní Calavi, tí wọ́n ń pè ní Ohùn Àdúgbò. Lórí ètò rẹ̀, ẹni tí ìyà jẹ ló ń fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tójú rẹ̀ rí.

Àbídéènì wa ọkọ̀ òfìfo padà sílé wọn ní Cadjèhoun, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò ṣófo. Kò kàn mọ ohun tó kún inú rẹ̀ ni. Ṣé ìtìjú ni, nítorí ìrẹsì tó ti rò pé ó tó? Àbí ẹ̀rín obìnrin náà ni?

Láti ọjọ́ náà ló ti ń gbọ́ rédíò Calavi. Ó gbọ́ ohùn ìyá arúgbó yẹn, ó sì gbọ́ pé lẹ́yìn ètò náà, àwọn aláṣẹ wá sí etíkun láti wo ibi tí omi ń jẹ, ohun tí wọn kò ṣe rí. Nígbà tó tún gbọ́ pé ẹ̀rọ rédíò náà ti fẹ́ kú, ó lọ bá ìyá rẹ̀.

"Ebi ń pa èèyàn," ni Àlájà wí, "ìwọ ní kí n lọ bọ́ rédíò?"

"Ìyá, ìrẹsì wa kì í pẹ́ tán. Ohùn wọn ló mú kí ẹnì kan wá wò wọ́n."

Àlájà ká aṣọ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ronú. "Lóòótọ́, ẹni tó bá gbọ́ igbe ló ń gbé omi wá. Ó dáa, ràn wọ́n lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n, ṣé obìnrin wà nínú ọ̀rọ̀ yìí?"

"Obìnrin wà nínú rédíò, Ìyá."

"Mi ò bi ọ́ nípa rédíò."

Bẹ́ẹ̀ ni owó Àlájà ṣe ra ẹ̀rọ tuntun fún Ohùn Àdúgbò, tó sì ń san owó ọkọ̀ fún àwọn tó ń lọ gba ìtàn láti abúlé dé abúlé. Bẹ́ẹ̀ náà ni Àbídéènì ṣe rí àwáwí tí yóò máa gbé e lọ sí Calavi.

"Ẹ tún wá wo ẹ̀rọ?" ni Jàmíátù bi í.

"Mo gbọ́ pé ó ń wúkọ́."

"Ẹ̀rọ ò wúkọ́. Ẹni tó rà á ni kó lọ tọ́jú ara rẹ̀."

Wọ́n a jọ jẹ àbọ́lọ̀ àti ẹja díndín lẹ́bàá ọ̀nà, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ti ń jẹun. "Ẹ" di "o" láàárín wọn. Àbídéènì ń pè é ní Ohùn Mi, Jàmíátù náà ń pè é ní Onírẹsì. Síbẹ̀, inú Jàmíátù kò balẹ̀, ó sì sọ ọ́ jáde nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan.

"Mi ò mọ̀ bóyá ìwọ ni mo fẹ́ràn, tàbí inú mi kàn ń dùn pé rédíò wa kò kú mọ́."

"Èmi náà ò mọ̀ bóyá iṣẹ́ rẹ ni mo fẹ́ràn, tàbí ìwọ," ni Àbídéènì wí. "Nígbà tí mo bá fẹ́ yà wọ́n sọ́tọ̀, wọn kì í yà."

Àìmọ̀ náà kò ní kí wọ́n má di ọwọ́ ara wọn mú. Kò pẹ́ tí Àlájà fi sọ pé bí àwẹ̀ tó ń bọ̀ bá ti kọjá, òun yóò lọ rí àwọn òbí ọmọbìnrin náà ní Pobẹ̀.

Inú àwẹ̀ yẹn ni Modúpẹ́ wá sí rédíò. Aránṣọ ni ní Calavi, láti abúlé kan nítòsí Kétu ni wọ́n sì ti mú un wá sí Kútọnu ní kékeré, láti ṣe ọmọ ọ̀dọ̀. Àbídéènì jókòó lẹ́yìn gíláàsì yàrá tí wọ́n ti ń gba ohùn sílẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bertrand, ọ̀gá rédíò náà. Modúpẹ́ kọ ẹ̀yìn sí wọn, ó dojú kọ Jàmíátù.

"Wọ́n sọ fún màmá mi pé wọn yóò fi mí sí ilé-ìwé," ni Modúpẹ́ wí. "Àárín ìdì aṣọ ni mo ń sùn, nínú yàrá ìkẹ́rù. Títí dòní, bí mo bá gbọ́ òórùn aṣọ tuntun, ń ṣe ni ebi máa ń pa mí. Ọmọ ilé náà àti èmi jẹ́ ẹgbẹ́. Èmi ni mo ń fọ kákì tó ń wọ̀ lọ sílé-ìwé. Lọ́jọ́ kan tí kò sí ẹnikẹ́ni nílé, mo wọ̀ ọ́ wò. Ó bá mi mu rẹ́gí."

Jàmíátù sún mìkìró mọ́ ọn.

"Ṣùgbọ́n nígbà tí ibà fẹ́ pa mí, ìyá ilé yẹn fúnra rẹ̀ ló jókòó tì mí, tó ń fi omi tútù nù mí lára títí ara mi fi balẹ̀. Títí dòní, mi ò mọ irú orúkọ tí mo lè pe obìnrin náà."

Lẹ́yìn gíláàsì, Àbídéènì rántí yàrá náà. Ó rántí ọmọbìnrin kan tó ń fi omi wọ́n kákì kó tó lọ̀ ọ́, tí òun náà ń jáde lọ sílé-ìwé láì bojú wẹ̀yìn. Kó tó di pé Modúpẹ́ jáde, ó ti sá lọ sínú ọgbà.

Ibẹ̀ ni Jàmíátù ti bá a. "Dá ti òní yìí dúró ná," ni Àbídéènì wí.

"Kí ló dé?"

"Mi ò mọ̀."

"Onírẹsì, ṣé ìwọ lò ń bẹ̀ mí, àbí owó ló ń bá mi sọ̀rọ̀?"

Ohun tí Àbídéènì kò mọ̀ gan-an nìyẹn. Ó ní, "Kákì yẹn, èmi ni mo ni ín."

Jàmíátù jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbi tó wà. Ìyá tó fẹ́ lọ rí àwọn òbí rẹ̀ ni ìyá inú ìtàn. Ó fẹ́ bínú sí Àbídéènì, àánú rẹ̀ ṣe é. Ó fẹ́ ṣàánú rẹ̀, inú tún bí i.

Nígbà tí wọ́n sọ ọ́ fún Bertrand, kò ṣiyèméjì ní tirẹ̀. "Bí Àlájà bá mú owó rẹ̀ kúrò, rédíò á kú. Ohùn gbogbo àwọn tó kù la fẹ́ pa nítorí ohùn ẹnì kan?" Jàmíátù mọ̀ pé òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Ó lọ bá Modúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un, kò fi ìkankan pamọ́.

Modúpẹ́ dá ẹsẹ̀ dúró lórí ẹ̀rọ ìránṣọ. "Ṣé ẹ̀ ń fẹ́ ọmọ rẹ̀ ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Kì í ṣe ọmọ burúkú. Ó máa ń fi ẹran pamọ́ fún mi. Ṣùgbọ́n kò fìgbà kan bi mí ìdí tí mi ò fi ń lọ sílé-ìwé." Ó gé òwú. "Mi ò dárúkọ ẹnikẹ́ni, àǹtí. Bí ẹ bá gbé ohùn mi pamọ́, yàrá ìkẹ́rù yẹn náà lẹ tún tì mí mọ́."

Nígbà tí Jàmíátù ròyìn èyí fún un, Àbídéènì ní, "Ṣe ohun tí o ì bá ṣe ká ní o ò mọ̀ mí rí." Ó gbé ojú sá fún un bó ti ń sọ ọ́. Nílé, lójoojúmọ́ ló ń gbìyànjú láti ṣí ọ̀rọ̀ náà fún ìyá rẹ̀, ẹnu rẹ̀ kò sì gbà á. Jàmíátù bẹ Bertrand títí tó fi gbà.

Àárín ọjà ni Àlájà wà nígbà tí ìtàn náà jáde lórí rédíò rẹ̀. Ó ń wọn aṣọ fún oníbàárà. Nígbà tí ọ̀rọ̀ dórí kákì, ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí aṣọ. Oníbàárà mi orí, ó ní, "Irú ìyá wo nìyẹn?"

"Èmi náà ò mọ̀," ni Àlájà wí. Ó ní kí obìnrin náà máa mú aṣọ lọ, láì tíì wọ̀n ọ́n tán.

Ó ránṣẹ́ pe Jàmíátù sílé. Àbídéènì fẹ́ jókòó tì wọ́n, ìyá rẹ̀ ní kó bọ́ síta.

"Ṣé o mọ̀ pé èmi ni?"

"Mo mọ̀, mà."

"O fẹ́ fẹ́ ọmọ mi?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"O sì gbé e jáde. Owó mi lo fi gbé e jáde."

Omi bọ́ lójú Jàmíátù. "Mà, ká ní mo dá a dúró, Modúpẹ́ ì bá sọ pé a ra ẹnu mi. Mi ò mọ̀ bóyá mo ṣe é dáadáa. Mi ò sì mọ bí mo ṣe lè ṣe é ní ọ̀nà mìíràn."

Àlájà wò ó pẹ́. "Mo fẹ́ bá ọ jà," ni ó wí, "mi ò rí ibi tí mo ti máa bẹ̀rẹ̀. Ṣé èmi náà lè wá sọ tèmi lórí rédíò yín?"

"Ẹ lè wá. A ò ní gé ọ̀rọ̀ yín, bí a ò ti gé tirẹ̀."

Àlájà wá. Ó ti to ọ̀rọ̀ sílẹ̀ lọ́kàn: bí gbogbo ìlú ṣe ń gba ọmọ ọ̀dọ̀ nígbà náà, bí òun náà ṣe jìyà ní kékeré. Nígbà tí mìkìró dójú ẹnu rẹ̀, gbogbo rẹ̀ fò lọ. "Mo rò pé mò ń bọ́ ọ ni," ni ohun tó rí sọ. "Modúpẹ́, mo rò pé mò ń bọ́ ọ. Má bínú."

Nígbà tí Jàmíátù béèrè lọ́wọ́ Modúpẹ́ bóyá ó ti dárí ji Àlájà, Modúpẹ́ ní òun kò tíì mọ̀, ṣùgbọ́n òun dúpẹ́ pé Àlájà dárúkọ òun. Àwọn tó ti ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ rí wá ń wá sí Calavi láti sọ tiwọn. Àwọn ìyá tó ti gba ọmọ ọ̀dọ̀ rí pàápàá wá, ojú ń tì wọ́n.

Àlájà kò mú owó rẹ̀ kúrò. Ó kó o lé ìgbìmọ̀ kan lọ́wọ́, Modúpẹ́ wà nínú wọn, àwọn oníṣòwò mìíràn sì fi tiwọn kún un. Wọ́n fohùn ṣọ̀kan pé ẹni tó bá lówó níbẹ̀ kò ní gbọ́ ìtàn ṣáájú àwọn ará ìlú.

Ṣùgbọ́n ní Pobẹ̀, Mùtíù, bàbá Jàmíátù, tó ń wa ọkọ̀ akẹ́rù, kò gbà kí wọ́n fẹ́ ara wọn. "Ẹni tó ń fún rédíò yín lówó ló tún fẹ́ fẹ́ ọ," ni ó wí. "Ta ni yóò gbà pé ẹnu rẹ ò ní olówó?" Jàmíátù yẹra fún Àbídéènì, ó sì ń wo ọ̀nà rẹ̀ lójoojúmọ́.

Àbídéènì gbọ́ ọ̀rọ̀ bàbá náà, ó sì fi iṣẹ́ ẹgbẹ́ àánú sílẹ̀. Nígbà tó dé Pobẹ̀ pẹ̀lú ìyá rẹ̀ lẹ́yìn ọdún Iléyá, Mùtíù jókòó sí àgbàlá, ó ń wò ó.

"Iṣẹ́ wo lò ń ṣe báyìí?"

"Mò ń ta aṣọ ní ṣọ́ọ̀bù Ìyá mi, Bàbá."

"Rédíò ńkọ́?"

"Kò sí ohun tó pa mí pọ̀ mọ́ ọn mọ́, àfi kí n máa gbọ́ ọ."

Mùtíù yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Ìwọ tó ń bi gbogbo ayé ní ìbéèrè, ìwọ náà dáhùn. Ṣé o fẹ́ ẹ?"

Jàmíátù kúnlẹ̀. "Bàbá, ọ̀pọ̀ nǹkan ló ṣì dàrú lójú mi. Mi ò mọ̀ bóyá Àlájà lè fẹ́ràn mi lẹ́yìn ohun tí mo ṣe. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá bi mí nípa ọkùnrin yìí, mo fẹ́ ẹ."

Gbogbo ojú yí sí Àlájà Ràhámátù níbi tó jókòó sí lórí ẹní.

"Èmi náà ò tíì mọ̀, ọmọ mi," ni ó wí. Ó na ọwọ́ sí i, ó gbé e dìde. "Máa bọ̀ nílé. Ká jọ máa wò ó."

Mùtíù ní kí wọ́n lọ pe lèmọ́mù.