Agolo Abẹ́ Ìpara

Ohun mẹ́rin ni Màrdíyyàh ṣe tí kò dára kí ó tó wọ yàrá ìdánwò lọ́jọ́ Ajé náà. Kò jẹun. Kò fojú kan oorun gidi fún odindi ọjọ́ mẹ́ta. Ó gbé hóró má-sùn mẹ́ta mì lẹ́ẹ̀kan náà, nígbà tí ẹyọ kan kò mú ojú rẹ̀ là mọ́. Ẹ̀kẹrin ni ó burú jù: inú agolo tí ìyá rẹ̀ ń fi pamọ́ sábẹ́ àwọn ìpara nínú ìsọ̀ wọn lọ́jà ni ó ti mú wọn, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni.

Má-sùn ni àwọn ará ọjà Bouaké, ìlú wọn ní ilẹ̀ tí a ti ń sọ Faransé, ń pe oògùn náà. Awakọ̀ tí ó ń ná ọ̀nà Sakassou ń rà á, alábàárù ń rà á, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí báàkì, ìdánwò àṣejáde, kù sí dẹ̀dẹ̀ fún náà ń rà á. Kò sí dókítà kankan tí ó fọwọ́ sí i fún wọn.

Ìbéèrè kejì nínú ìṣirò ni Màrdíyyàh ń kà nígbà tí àyà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Kì í ṣe ìsáré ẹni tí ẹ̀rù ń bà. Ó dà bí ẹyẹ tí ó há sínú àpò, tí ó ń fi ìyẹ́ gbá ara rẹ̀ kiri. Ó dúró díẹ̀, ó tún fò sókè. Agnes, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ọmọ Baoulé tí ó jókòó lẹ́yìn rẹ̀, fi bíírò gún un lẹ́yìn, ó sì fi orúkọ tí wọ́n ń pe àwọn Yorùbá níbẹ̀ pè é.

“Anago, ìbéèrè kejì ńkọ́? Àbí ìwọ nìkan ni o fẹ́ yege?”

Màrdíyyàh fẹ́ dáhùn, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ni ó bá ara rẹ̀.

Ní ilé-ìwòsàn, dókítà obìnrin kan dúró síwájú ibùsùn rẹ̀. “Kí ni o lò?”

Sèlíátù, ìyá rẹ̀, tí ó dúró níbi ẹsẹ̀ ibùsùn, wò ó lẹ́ẹ̀kan péré. Láti kékeré ni Màrdíyyàh ti mọ ìtumọ̀ ojú yẹn: a kì í tú àṣírí ilé níwájú àlejò.

“Kọfí ni.”

“Kọfí nìkan?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Dókítà.”

Dókítà kọ kọfí sílẹ̀. Kò pé wákàtí kan lẹ́yìn náà tí ẹyẹ inú àpò náà tún jí, tí ẹ̀rọ ẹ̀gbẹ́ ibùsùn ń ké, tí ìka ọwọ́ Màrdíyyàh sì tutù bí omi inú kànga. Kò rántí báàkì rárá. Ohun tí ó rántí ni pé irọ́ ni ọ̀rọ̀ ìkẹyìn tí ó ti ẹnu òun jáde. Ó fa ohun tí wọ́n fi bo imú rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́.

“Má-sùn ni. Mẹ́ta. Inú ìsọ̀ wa ni mo ti mú un.”

Dókítà wo ìyá, ó wo ọmọ. “Láti wákàtí kan ni mo ti ń bá ohun tí n kò mọ̀ jà,” ni ó sọ, ó sì kọjú sí iṣẹ́ rẹ̀.

Ọjọ́ márùn-ún ni Màrdíyyàh lò níbẹ̀. Tẹ́lẹ̀, ọ̀lẹ ni ó ń pe ẹni tí ó bá sùn kí agogo mẹ́wàá tó lù. Nísinsìnyí, bí oorun bá gbé e, tí ó jí, tí àyà rẹ̀ ń lọ jẹ́ẹ́, ọpẹ́ ni ó ń dá. Ìwé-ẹ̀rí tí a fi ẹ̀mí wá, ta ni yóò lọ gbà á? Ṣùgbọ́n inú ń bí i sí ara rẹ̀ pẹ̀lú. Lẹ́yìn ilé-ìwé, òun gan-an ni ó máa ń jókòó ti ìsọ̀. Alábàárù kan wà tí ó máa ń pè é ní “dókítà kékeré” bí ó bá ti na hóró méjì sí i. Ó ti tó oṣù mẹ́ta tí ọkùnrin náà kò wá mọ́. Kò sí ẹni tí ó béèrè rẹ̀. Òun náà kò béèrè.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ó dé ìsọ̀, ó sì bá Agnes níbẹ̀. Ọwọ́ Sèlíátù ti wà lábẹ́ ìpara, ó ń fa agolo náà jáde.

“Agnes, ojú rẹ ni mo ṣe ṣubú.”

“Mẹ́ta ni ìwọ lò. Ẹyọ kan péré ni mo wá rà, ìdánwò ṣì kù fún mi. Ṣé torí pé ìwọ ti lo tìrẹ ni a ó ṣe ti ilẹ̀kùn mọ́ àwa?”

“Ìyá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tà á fún un.”

“Àbẹ̀kẹ́,” ni Sèlíátù fi oríkì rẹ̀ pè é, “lọ jókòó, ara rẹ kò tíì le. Bí n kò bá tà á, ìsọ̀ Johnson tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ni yóò yà sí. Ṣebí ìwọ náà ni o ka bébà inú agolo yìí fún mi? O ní ọ̀kan láàárọ̀, ọ̀kan nírọ̀lẹ́. Ìgbà wo ni o sọ fún mi pé ó ń pa ènìyàn?”

Òótọ́ ni. Sèlíátù kò mọ Faransé kà. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni Màrdíyyàh nígbà náà. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà, ó sì fo àwọn lẹ́tà wínníwínní tí ó wà nísàlẹ̀. Ó fa bébà náà yọ nínú agolo, ó tẹ́ ẹ, ó sì kà á ní Faransé, ó ń túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá fún ìyá rẹ̀, díẹ̀díẹ̀.

“Ọmọdé kò gbọdọ̀ lò ó. Ó lè da ìlùkìkì ọkàn rú. Ó lè fa ikú.”

Agnes fà sẹ́yìn díẹ̀. Ọwọ́ Sèlíátù dúró lórí ọmọrí agolo.

“Gbogbo ọjà ni ó ń tà á,” ni ó sọ, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀.

“Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà, owó lọ́wọ́ ni a fi ń ra èké. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, Ìyá. Mo jẹ̀bi pé mo fo ibẹ̀. Mo tún jẹ̀bi irọ́ tí mo pa fún dókítà, díẹ̀ ni ó kù kí ó pa mí. Àṣírí tí ó ń pa ọmọ ilé kò yẹ ní bíbò. Ẹ kò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹ ti mọ̀ báyìí.”

Ó kúnlẹ̀ sáàárín ọjà, ó na ọwọ́ méjèèjì sí ìyá rẹ̀.

“Ìyá mi, ẹ gbé agolo yẹn fún mi, kí ẹ sì fi ẹnu ara yín sọ fún Agnes, lójú mi, pé ẹ kò ní í tà á mọ́.”