Ìbòmú Tó Wà Lórí Ère

Ọkọ mi kò hanrun mọ́, ohun tó sì kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù nìyẹn. Ẹni tó bá mọ̀ mí lè sọ pé ṣe ni mo ń wá ìjà, torí láti ọjọ́ tí mo ti wọlé ọkọ ni mo ti ń ráhùn pé ariwo rẹ̀ ò jẹ́ kí n gbádùn. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n rò ó fún yín bó ṣe rí.

Iṣẹ́ búrẹ́dì ni ọkọ mi ń ṣe. Bàbá Búrẹ́dì ni gbogbo àdúgbò ń pè é, èmi náà sì ń pè é bẹ́ẹ̀ tí inú mi bá dùn sí i. Ìrọ̀lẹ́ ló ń lọ síbi iṣẹ́, òwúrọ̀ ló ń dé. Ọ̀sán gangan ló máa ń sùn, tí èmi á máa fi ẹsẹ̀ tẹ ẹ̀rọ ìránṣọ mi ní yàrá kejì. Bó bá ti ń hanrun bọ̀, á ṣàdédé dákẹ́. Kò ní mí síta, kò ní mí sínú. Èmi náà á gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ, màá di èémí tèmi mú, títí òun á fi ta gìrì bí ẹni tí wọ́n yọ nínú odò. Dókítà ní ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ ló ń pa dé lójú oorun, pé tí a bá fi ṣeré, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí kò ní ta gìrì mọ́. Wọ́n fún un ní ẹ̀rọ kékeré kan tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ gba inú páìpù lọ sínú ìbòmú, kí ọ̀nà ọ̀fun náà lè wà ní ṣíṣí.

Ẹ̀rọ ò níṣòro. Ìbòmú ni wàhálà. Ẹnu ni ọkọ mi fi ń mí, nítorí náà ó gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tó bo imú àti ẹnu pọ̀. Àkọ́kọ́ ń jò níbi igi imú, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí i lójú, omi á sì máa ṣàn lójú rẹ̀ bó ṣe ń sùn. Èkejì há, ó dá egbò sí i lẹ́rẹ̀kẹ́. Kí n tó yíjú padà, á ti já a sọ sílẹ̀. Mo bá a jà, mo bẹ̀ ẹ́.

"Aránṣọ," ló wí, "ṣé ẹṣin ni mí tí o fi fẹ́ fi ìjánu sí mi lẹ́nu?"

Mo rẹ́rìn-ín, àmọ́ ọkàn mi ò balẹ̀. Ẹni tí kò bá fẹ́ wọ ìbòmú, tí kò sì lè mí láìsí i, kí ni kí aya rẹ̀ ṣe?

Bí a ṣe lọ sí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tà á nìyẹn. Obìnrin kan ló ni ibẹ̀, tó máa ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni pé ẹnìkan ń sùn nítòsí. Kì í jẹ́ kí èèyàn wà lóòró dán ìbòmú wò. Orí bẹ́ẹ̀dì tó wà ní kọ̀rọ̀ ló ní kí ọkọ mi dùbúlẹ̀ sí, ó sì tan ẹ̀rọ sí i. Ó ní ojú ẹni tó dúró yàtọ̀ sí ojú ẹni tó sùn: tí èèyàn bá ti dùbúlẹ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ á rọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, àgbọ̀n á sún sẹ́yìn. Ó mú kékeré, ó mú ńlá, ó mú èyí tó wà láàárín. Ó fi ìka tọ etí ìbòmú yíká, ó tú okùn, ó tún un so. Gbogbo rẹ̀ ń jò. Inú ti ń bí ọkọ mi. Obìnrin náà ní kí a ní sùúrù, òun fẹ́ lọ wò ó lẹ́yìn bóyá ó ku irú mìíràn.

Bó ṣe kúrò níbẹ̀ ni ojú mi lọ sára ère kan lẹ́bàá fèrèsé, orí lásán tí kò ní ara, tí wọ́n wọ ìbòmú kan fún. Ẹ gbọ́, aránṣọ ni mí. Lọ́dọ̀ tiwa, aṣọ tó bá wà lọ́rùn ère lójú fèrèsé ni ọ̀gá iṣẹ́ ọwọ́ wa. Èyí tó kù, ọjà ni. Mo bọ́ ọ lórí ère, mo fi sí ọkọ mi lójú. Rọ́bà rẹ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́ lọ́wọ́ mi, mo rò pé oòrùn ló ń pa á. Mi ò tíì so okùn rẹ̀ tán tí ọkọ mi fi mí kanlẹ̀, tó sì sùn lọ fọnfọn.

Nígbà tí obìnrin náà jáde, páálí tó gbé dání fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ìyẹn kì í ṣe títà, mà," ló wí. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bọ́ ọ."

"Kí ló dé? Ẹ wo bó ṣe ń sùn."

"Ẹlòmíràn ti lò ó rí."

"Màá fọ̀ ọ́. Àbí ẹ fẹ́ kí ọkọ mi kú ni?"

Ó wo ọkọ mi títí, ó wo orí ère. Kò bá mi jiyàn mọ́, kò sì gba owó. Mo dúpẹ́, mo mú un, a lọ sílé.

Láti ọjọ́ náà, ìbòmú ò jò, ọkọ mi ò hanrun, kò ta gìrì. Ó yẹ kí n sinmi. Ṣùgbọ́n etí mi ò gbà. Mo mọ bí ọkọ mi ṣe ń fa èémí, mo mọ bó ṣe ń dá a sílẹ̀. Èyí tí mo ń gbọ́ láti yàrá kejì falẹ̀, ó sì gùn, bíi ti ẹni tí kò kánjú lọ síbì kankan. Mo sọ fún ara mi pé bí àlàáfíà ṣe ń dún nìyẹn.

Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ká aṣọ tó fi ń sùn. Ọkọ mi, tó jẹ́ pé ibi tó bá bọ́ ṣòkòtò sí ni màá ti lọ ṣà á. Tó bá jí, ọwọ́ rẹ̀ á máa tá ògiri wò lápá òsì, bí ẹni ń wá ibi tí wọ́n ti ń tan iná, bẹ́ẹ̀ apá ọ̀tún ni tiwa wà. Ọmọbìnrin wa tó wà nílé ọkọ pè é lórí fóònù lọ́jọ́ kan. Kò pẹ́ tó fi pe èmi náà.

"Màámi, ta ló gbé fóònù Bàámi?"

Mo ní bàbá rẹ̀ ni.

"Ó kí mi bí ẹni ń kí àlejò," ló wí.

Mo pa á lẹ́rìn-ín, mo ní oorun ló ń kun bàbá rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo gbé fóònù sílẹ̀, mi ò lè ti òwú bọ abẹ́rẹ́ mọ́.

Ọjọ́ tí mo rán ṣẹ́ẹ̀tì iṣẹ́ tuntun fún un ni ojú mi là. Mi ò kì í wọn ọkọ mi mọ́. Ìwọ̀n rẹ̀ ti wà lórí mi láti ọjọ́ pípẹ́. Mo wọ̀ ọ́ fún un, ó ṣò lọ́rùn. Mo rò pé ó rù ni. Mo mú téèpù, mo wọn ọrùn, mo wọn láti àgbọ̀n lọ sí etí. Kì í ṣe pé ó rù. Egungun àgbọ̀n rẹ̀ ló ti yí padà. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó fẹ̀ tẹ́lẹ̀ ti sún wọlé, ó bá etí ìbòmú yẹn mu wẹ́kú. Aṣọ la máa ń gé bá èèyàn mu. Mi ò gbọ́ ọ rí pé wọ́n ń gé èèyàn bá aṣọ mu. Ọkọ mi wojú mi, ó ní ṣẹ́ẹ̀tì náà dára, ó sì kí mi kú iṣẹ́.

Mo padà sí ṣọ́ọ̀bù. Bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ ni obìnrin náà dìde, ó ti ilẹ̀kùn.

"Ọkùnrin kan ló ni ín," ló wí. "Ojú oorun ló kú sí, tòun ti ìbòmú lójú. Ìyàwó rẹ̀ kò tètè mọ̀, torí ìbòmú náà ṣì ń mí. Ó ní òun jókòó tì í títí oúnjẹ ọ̀sán fi tutù. Òun ló gbé e wá fún mi. Mo fẹ́ jù ú nù, àmọ́ tí mo bá ti gbé e sílẹ̀ lásán, rọ́bà rẹ̀ á máa fẹ̀, á máa sún kì. Ìgbà tí mo fi sórí ère yẹn ló tó dákẹ́. Ojú ló ń wá."

"Ẹ sì jẹ́ kí a gbé e lọ?"

"Ẹ̀rù ni, mà. Ó ti pẹ́ tí èmi nìkan ti ń bá a gbé."

Inú bí mi gan-an. Mo ní kó mú ìbòmú tuntun, kó máa tẹ̀ lé mi ká lọ.

Ọkọ mi ń sùn nígbà tí a wọlé. Kọ́tìnnì wà ní fífà, yàrá náà ń rùn bí ìyẹ̀fun àti rọ́bà. Obìnrin náà ń sọ ọ́ sí mi létí pé tí mo bá ti bọ́ ti àtijọ́, kí n yàgò kíá, òun á fi tuntun sí i. Mo tú okùn. Ìbòmú náà kọ́kọ́ lẹ̀ mọ́ ọn lójú kó tó yọ. Obìnrin náà fi tuntun sí i, ó so ó, ó ki páìpù bọ̀ ọ́. Afẹ́fẹ́ ń wọlé, mo ń gbọ́ ọ. Àyà ọkọ mi ò gbéra.

Mo gbá a lẹ́rẹ̀kẹ́. Mo di èjìká rẹ̀ mú, mo mì í. "Bàbá Búrẹ́dì, jọ̀ọ́. Jọ̀ọ́, dá mi lóhùn." Ètè rẹ̀ ti ń dúdú.

Ìgbà náà ni mo rí i pé nǹkan kan ń fẹ́ mi lọ́wọ́. Ìbòmú àtijọ́ wà lọ́wọ́ mi, kò sí páìpù lára rẹ̀, síbẹ̀ rọ́bà rẹ̀ ń fẹ̀, ó ń sún kì. Mo gbé e sétí. Èémí ọkọ mi ni, èyí tí mo mọ̀ tẹ́lẹ̀, tó ń wá ọ̀nà láti jáde. Obìnrin náà ń mi orí sí mi pé kí n má ṣe é. Mo já tuntun kúrò, mo fi ti àtijọ́ lé ojú ọkọ mi, mo fi ọwọ́ méjèèjì tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn.

Àyà rẹ̀ gbéra. Ètè rẹ̀ pọ́n padà. Ó la ojú díẹ̀díẹ̀, ó wo obìnrin náà, ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ọmọlúàbí ṣe ń rẹ́rìn-ín sí ẹni tó ṣe é lóore.

"Ẹ ṣeun gan-an, mà," ló wí láti inú ìbòmú. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi pe ìyàwó mi."

Mo tún okùn náà so dáadáa, kó má baà jò.

"Ó ń bọ̀," ni mo wí fún un. "Ẹ máa sùn."