Fọ́tò Tí Màmá Àgbà Fẹ́ Fojú Ara Wọn Rí

Òjò ló lé Nhiên wọ ìsọ̀ Ọ̀gá Thạnh, níbi tí wọ́n ti ń ta kámẹ́rà nílùú Huế. Akoto ọ̀kadà ṣì wà lórí rẹ̀, omi ń ro tótó létí aṣọ òjò rẹ̀, ó sì di àpò owó mọ́ àyà bí ẹni tí olè ń lé bọ̀. Ọkùnrin kan jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó ń mu tíì tútù. Ó gbójú sókè, ó rí i, ó sì gbàgbé ife tíì náà sẹ́nu. Ẹ má bi mí pé kí ló rí. Ọmọbìnrin tí òjò pa ló rí, àmọ́ ọkàn rẹ̀ sọ kúlú.

Nhiên ò tiẹ̀ mọ̀ pé èèyàn wà níbẹ̀. Kámẹ́rà tuntun kan tó ń dán gbinrin nínú gíláàsì ló ń wò.

"Bàbá, èyí ni mo fẹ́. Ẹ bá mi dín in kù, ẹ jọ̀ọ́."

"Àǹtí, ẹ má ra ìyẹn," ni ọkùnrin orí àpótí wí.

Nhiên yíjú sí i. "Ta ló bẹ̀ yín níṣẹ́?"

"Kò sẹ́ni tó bẹ̀ mí. Kí lẹ fẹ́ fi yà?"

"Ìyá ìyá mi. Ojú wọn."

"Ojú wọn nìkan? Ẹ wá fẹ́ kó gbogbo owó yín lé ike tó ń dán!" Ó gbé tíì sílẹ̀. "Bówó ò bá pọ̀, dígí tí kámẹ́rà fi ń ríran ni kẹ́ ẹ ná an lé, ẹ má ná an lé ara kámẹ́rà. Ara tí wọ́n ti lò fún ọdún mẹ́wàá ṣì ń ṣiṣẹ́. Ẹ wá wá dígí kékeré kan sí i, èyí tí kì í nà, tí kì í sún, àmọ́ tó ń gba ìmọ́lẹ̀ wọlé dáadáa. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ sún mọ́ màmá, ẹ fẹsẹ̀ yín rìn lọ bá wọn."

"Vĩnh, ọjà mi lò ń bà jẹ́ yẹn o," ni Ọ̀gá Thạnh sọ, àmọ́ ẹ̀rín wà lẹ́nu rẹ̀. Ó ti mọ Vĩnh tipẹ́. Olùkọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ni, tó bá sì di òpin ọ̀sẹ̀, á máa ya fọ́tò àwọn tó ń gbéyàwó. Bàbá náà gbé kámẹ́rà àlòkù kan jáde tí rọ́bà ọwọ́ rẹ̀ ti jẹ, àti dígí kan tí kò ga ju ife tíì lọ.

Vĩnh yí dígí náà síhìn-ín sọ́hùn-ún. "Ojúlówó nìyí. Ẹ mú un."

Aránṣọ ni Nhiên. Ó gba dígí náà, ó nà án sí ìmọ́lẹ̀ ẹnu ọ̀nà bó ṣe máa ń na aṣọ kó tó rà á. Ó gbé e sún mọ́ ojú.

"Òwú wo ló wà nínú rẹ̀?"

"Òwú kẹ̀?"

"Ẹ wò ó. Ó tín-ín-rín bí òwú aláǹtakùn."

Vĩnh wò ó, ojú sì tì í. Ọ̀rinrin Huế ti ṣe é. Ohun funfun tó máa ń hù lára búrẹ́dì tó ti bu ti hù sínú dígí náà, òun tó pe ara rẹ̀ lọ́mọ̀ràn ò sì rí i.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Olùkọ́," ni Nhiên wí, ó sì bú sẹ́rìn-ín.

Ọ̀gá Thạnh pààrọ̀ dígí náà fún èyí tó mọ́. Owó tó ṣẹ́ kù sí Nhiên lọ́wọ́ ò ju ti àwo bún bò, ìyẹn núdù ọlọ́bẹ̀ ẹran, méjì lọ. Ó sanwó méjèèjì ní ìsọ̀ ìyá olóúnjẹ tó wà lódìkejì.

"Owó ìmọ̀ràn yín nìyẹn. Mo yọ ti òwú kúrò, ìdí nìyẹn tẹ́ran yín ò fi pọ̀."

Ibi tí wọ́n ti ń jẹun ló ti sọ ìdí ọ̀rọ̀ fún un. Nígbà tí bàbá àgbà kú, kò sí fọ́tò wọn tí wọ́n lè gbé sórí pẹpẹ ilé, níbi tí wọ́n ti ń rántí àwọn òkú. Káàdì ìdánimọ̀ nìkan ló wà. Onífọ́tò bá fẹ èyí tó wà lára káàdì, ó sì lẹ kóòtù àti táì ẹlòmíì mọ́ ọn lọ́rùn.

"Apẹja ni bàbá àgbà. Wọn ò so táì rí. Tí Màmá Àgbà bá ti fẹ́ tan tùràrí, wọ́n á ní, 'Ọ̀gá onítáì, ẹ bá mi kí ọkọ mi.'"

Vĩnh rẹ́rìn-ín, àmọ́ nígbà tó rí omi lójú Nhiên, ẹ̀rín náà kú.

"Wọ́n ti lé lọ́gọ́rin," ni Nhiên sọ. "Wọn ò gbà láti lọ sí ilé onífọ́tò. Fóònù mi sì ń pa gbogbo ìhunjọ ojú wọn rẹ́. Mi ò fẹ́ kí wọ́n di àlejò lórí pẹpẹ ilé ara wọn."

Bí Vĩnh ṣe di ẹni tó ń wá ní gbogbo ọjọ́ Sunday nìyẹn, láti kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń lo kámẹ́rà. Ilé obìnrin mẹ́ta ni: Màmá Àgbà, ìyá Nhiên, àti Nhiên fúnra rẹ̀. Wọ́n á gbé Màmá Àgbà jókòó sí ojú fèrèsé, màmá á sì le gbagidi bí igi. Vĩnh ni Màmá Àgbà ń pè ní "ọkọ mi." Ìyá Nhiên ò pè é ní nǹkan kan. Olùkọ́ tó ń gun kẹ̀kẹ́, tí kò nílẹ̀, tí kò nílé, kí ló fẹ́ fi fẹ́ ọmọ òun?

Lọ́jọ́ kan, Màmá Àgbà fún Vĩnh ní atalẹ̀ oníṣúgà tí wọ́n fọwọ́ ara wọn sè. Ó ju gbogbo rẹ̀ sẹ́nu lẹ́ẹ̀kan, ata rẹ̀ gun orí, ó ń fò sókè láàárín ilé. Màmá Àgbà rẹ́rìn-ín títí, ojú wọn mọ́lẹ̀, gbogbo ìhunjọ rẹ̀ pé. Nhiên rìn sún mọ́ wọn, ó tẹ kámẹ́rà.

Òun àti Vĩnh jọ wò ó. Ọwọ́ Vĩnh bá ọwọ́ Nhiên lórí kámẹ́rà náà, kò sì sẹ́ni tó gbé tirẹ̀ kúrò. "Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ," ni Vĩnh wí. "Mo mọ̀," ni Nhiên fèsì. "Ọjọ́ tójú tì ọ́ lórí òwú ni mo ti mọ̀."

Ọdún tuntun, ìyẹn Tết, kù sí dẹ̀dẹ̀. Màmá Àgbà fa Vĩnh sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ọkọ mi, fẹ fọ́tò mi kó tóbi, kó o fi férémù sí i, kó o gbé e wá fún mi láàárọ̀ ọdún. Mo fẹ́ fojú ara mi rí i kí n tó lọ. Má sọ fún ẹnikẹ́ni."

Ta ló lè bá àgbà jiyàn? Vĩnh mọ̀ pé ẹsẹ̀ tó bá kọ́kọ́ wọlé láàárọ̀ ọdún ló máa ń gbé ire tàbí ibi wọ ilé náà. Ó mọ̀ pé àbúrò ìyá Nhiên, olówó tí orí rẹ̀ dára, ni wọ́n bẹ̀ pé kó kọ́kọ́ wọlé lówùúrọ̀. Ó ní sùúrù títí oòrùn fi ga. Àṣé àbúrò wọn ti mu ọtí yó lóru ọdún, ó ṣì ń hanrun nílé rẹ̀!

Bí Vĩnh ṣe di ẹni tó kọ́kọ́ wọlé nìyẹn. Ìyá Nhiên wo ẹsẹ̀ rẹ̀, ó wo ohun tó gbé dání, ó já bébà pupa ara rẹ̀, ó sì rí ojú ìyá rẹ̀ nínú irú férémù tí wọ́n ń gbé sórí pẹpẹ.

"Yéè! Ìwọ ni ẹsẹ̀ àkọ́kọ́ nílé mi, fọ́tò òkú lo sì gbé wá!"

"Èmi ni mo rán an," ni Màmá Àgbà wí.

"Màmá, ẹ má bò ó láṣìírí! Jáde. Má wá síbí mọ́."

Ní oṣù kejì ọdún, àìsàn gbé Màmá Àgbà ṣánlẹ̀. Ikọ́ mú wọn débi pé dókítà mi orí. Ìyá Nhiên ò wulẹ̀ pariwo mọ́. "Ẹsẹ̀ yẹn náà ni," ló kàn ń tún sọ. Nhiên ń gbọ́ ọ tọ̀sán tòru, nígbà tó yá, kò gbé ìpè Vĩnh mọ́.

Síbẹ̀, lọ́jọ́ Sunday, àpò atalẹ̀ oníṣúgà kan á wà lára géètì. Lọ́jọ́ kan, Nhiên bá Vĩnh níbẹ̀ nínú òjò.

"Wọlé, òjò ń pa ọ́."

"Rárá. Ẹsẹ̀ mi ò ní wọ ilé yìí àfi tí màmá ẹ bá pè mí."

Nhiên bú sẹ́kún. "Mo gbà á gbọ́ díẹ̀, pé ẹsẹ̀ rẹ ni. Dárí jì mí."

"Èmi náà gbà á gbọ́ díẹ̀," ni Vĩnh wí. "Mi ò sùn dáadáa látọjọ́ náà." Nhiên jáde síta, ó dì mọ́ ọn, òjò sì pa àwọn méjèèjì.

Ìgbà òjò kọjá, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn kọjá, Màmá Àgbà ò kú. Wọ́n dìde, wọ́n ń jẹun, wọ́n tún ń bú àwọn adìyẹ aládùúgbò. Nígbà tí ọdún ń parí lọ, wọ́n pe ọmọ wọn jókòó.

"Dókítà ní mo ń lọ. Ṣé mo lọ?"

"Ẹ ò lọ, Màmá."

"Ẹsẹ̀ ta ló kọ́kọ́ wọlé lọ́dún tí mi ò kú yìí? Lọ́dún tí àbúrò ẹ olówó kọ́kọ́ wọlé ńkọ́? Ṣé kì í ṣe ọdún náà ni omi gbé ilé ìdáná wa lọ?"

Ìyá Nhiên dìde, ó lọ rẹ ìrẹsì. Lọ́sàn-án ọjọ́ tó kẹ́yìn ọdún, ó gbé àkàrà ìrẹsì ọdún tí wọ́n fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ dì, ó lọ sí yàrá tí Vĩnh háyà.

"Láàárọ̀ ọ̀la, ìwọ ni kó o kọ́kọ́ wọlé. Má jẹ́ kí oòrùn ga. Tó bá di ọjọ́ kẹta ọdún, mú àwọn òbí ẹ wá, ká jọ sọ̀rọ̀."

Vĩnh dọ̀bálẹ̀ fún un ní tọkàntọkàn. "Màmá, ṣé kí n mú nǹkan dání lọ́la?"

"Mú ẹsẹ̀ ẹ. Má mú férémù kankan wá o!"

Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tán tí Vĩnh fi wà lẹ́nu géètì. Ìyá Nhiên fúnra rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn. Lẹ́yìn tí wọ́n kí ara wọn kú ọdún, Màmá Àgbà ní kí wọ́n gbé kámẹ́rà fún àwọn, kí Nhiên àti Vĩnh dúró sójú fèrèsé.

"Níbo ni mo máa tẹ̀? Kí ló dé tẹ́ ẹ jìnnà báyìí?"

"Dígí yẹn kì í nà, Màmá Àgbà," ni Nhiên wí. "Tẹ́ ẹ bá fẹ́ sún mọ́ wa, àfi kẹ́ ẹ rìn."

Màmá Àgbà fi ọ̀pá sílẹ̀. Wọ́n rìn, díẹ̀díẹ̀, ọmọ wọn dúró lẹ́yìn wọn, kò fọwọ́ kàn wọ́n. Wọ́n dúró, wọ́n tẹ̀ ẹ́, wọ́n sì wo fọ́tò náà fún ìgbà pípẹ́.

"Èyí ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gbé kọ́," ni wọ́n wí. "Tèmi wà lábẹ́ aṣọ nínú àpótí. Ó lè dúró."