Àlá Àwọn Tó Sun Yàrá Kejì

Àlejò kẹta tó sun yàrá kejì ní oṣù kẹwàá yẹn sọ̀kalẹ̀ wá jẹun àárọ̀, ó jókòó, kò sì fọwọ́ kan búrẹ́dì. Colombe, ìyàwó ẹni tó ni òtẹ́ẹ̀lì náà, gbé kọfí síwájú obìnrin náà.

"Ṣé ẹ ò sùn dáadáa ni?"

"Mo sùn." Edmée Tournaire lorúkọ rẹ̀, nọ́ọ̀sì ni, láti Lyon ló ti wá fẹsẹ̀ rin àwọn òkè Aubrac. "Àlá ni mo lá, Màdáámù. Obìnrin kan ni mo rí."

Colombe rọra gbé ìkòkò kọfí sílẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì sùn ní yàrá yẹn, ó ní òun lálàá obìnrin kan tó dúró lẹ́bàá kànga ẹ̀yìnkùlé láìwọ bàtà, tó kọ ẹ̀yìn sí òun. Colombe rẹ́rìn-ín, ó ní wàràkàṣì àná ló ń dà á láàmú. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́fà, ọkùnrin kan tó ń ta irinṣẹ́ oko tún sùn níbẹ̀. Òun náà rí obìnrin yẹn, àmọ́ ó ti kúrò lẹ́bàá kànga. Ó ti dé ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná, ó gbé ọwọ́ lé ìlẹ̀kùn. Àwọn àlejò méjèèjì ò mọra wọn rí. Colombe ò rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn.

"Níbo lẹ ti rí i?" ló béèrè.

"Nínú yàrá abẹ́ ilẹ̀ tẹ́ ẹ̀ ń kó àgbá wáìnì sí. Mi ò débẹ̀ rí o, ṣùgbọ́n mo lè sọ fún yín pé àtẹ̀gùn mẹ́rìnlá ló ní. Orí òkúta roboto kan ló dúró sí. Ó wò mí lójú, ó ní, 'Bá mi sọ fún Piou pé mi ò bá ọkùnrin kankan lọ.'" Edmée gbójú sókè. "Màdáámù, ta ni Piou?"

 Colombe fa àga, ó jókòó ti àlejò rẹ̀, ohun tí kò ṣe rí láti ìgbà tó ti ń ṣiṣẹ́ ní òtẹ́ẹ̀lì náà.

Ẹnì kan ṣoṣo ló ń pè é ní Piou láyé yìí, Honorine ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ìyá wọn tètè kú, Colombe sì máa ń tẹ̀ lé Honorine káàkiri ilé bí òròmọdìyẹ tó ń ké "piou, piou", ibẹ̀ ni orúkọ náà ti wá. Honorine ni Anselme, ọkọ Colombe, kọ́kọ́ fẹ́. Àwọn méjèèjì ló tún ilé olókúta yìí ṣe, tí wọ́n sọ ọ́ di òtẹ́ẹ̀lì oníyàrá mẹ́fà. Ọdún kẹrìndínlọ́gbọ̀n rèé tí Anselme ti sọ fún gbogbo Montrozès pé ìyàwó òun ti bá oníṣòwò aṣọ kan lọ sí Toulouse. Kò sẹ́ni tó jiyàn. Ọdún méjì lẹ́yìn náà ló fẹ́ Colombe. Láti ìgbà yẹn ni Colombe ti ń bínú sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kò tiẹ̀ gbé fọ́tò rẹ̀ kankan kọ́ sára ògiri.

Anselme gba ẹ̀yìnkùlé wọlé, ó gbé apẹ̀rẹ̀ olú lọ́wọ́. Ó kí àlejò.

"Anselme," ni Colombe wí, "kí ló wà lábẹ́ òkúta roboto ìsàlẹ̀ yẹn?"

"Kòtò táwọn ará àtijọ́ ń kó ọkà sí ni. Ṣebí o mọ̀."

"Àlejò wa lálàá Honorine."

Kò béèrè irú àlá tó jẹ́. Ó gbé apẹ̀rẹ̀ sórí tábìlì, ó mú ọ̀bẹ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ha erùpẹ̀ kúrò lára olú.

"Ó tún ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn," ló sọ jẹ́jẹ́. "Èmi ló kọ́kọ́ ń bá sọ̀rọ̀. Odidi ọdún kan, nínú yàrá kejì, níbi témi pẹ̀lú ẹ̀ jọ ń sùn. Ìdí tí mo fi kó jáde níbẹ̀ nìyẹn, tí mo fi sọ ọ́ di yàrá àlejò. Mo rò pé tó bá jẹ́ àwọn tí ò mọ̀ ọ́n ló ń rí, ó máa sú u."

"Kí lo ṣe fún un?"

"Ó fẹ́ fi mí sílẹ̀ ni. Ó ti di ẹrù ẹ̀. Kò sí ọkùnrin kankan níbẹ̀, Colombe. Ó kàn fẹ́ máa lọ." Ó mú olú mìíràn.

Edmée dìde láìpariwo, ó bọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó pe àwọn ọlọ́pàá. Anselme gbọ́ gbogbo ohun tó ń sọ. Kò kúrò nídìí tábìlì.

Kí ọ̀sán tó pọ́n, wọ́n ti fi ọ̀pá irin gbé òkúta náà kúrò. Honorine wà nísàlẹ̀ kòtò, ó ku egungun, àpò ìrìn-àjò rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Orí àtẹ̀gùn ni Colombe wà, Edmée dì í mú. Ó sunkún, ó sì ń bẹ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lábẹ́ ohùn pé kó forí jin òun fún gbogbo èébú tóun ti bú u. Ó rò pé èyí tó burú jù ti kọjá.

Ìgbà náà ni dókítà tó bá àwọn ọlọ́pàá wá ní kí wọ́n dojú òkúta náà dé. Ó tan tọ́ọ̀ṣì sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ tó wá wà lókè. 

"Màdáámù, ẹ má wo ibí yìí."

Colombe wò ó. Ìlà ló kún ojú òkúta náà, ìlà lórí ìlà, àwọn kan jìn débi pé èékánná lè wọ inú wọn. Ẹnì kan ló ha á láti inú kòtò.

"Ọjọ́ mélòó ló fi wà láàyè níbẹ̀?" ni Colombe béèrè.

"Bóyá mẹ́rin. Ó lè jẹ́ márùn-ún. Omi ń jò sínú kòtò yẹn, ó ti ní láti rí nǹkan mu."

Colombe jókòó sórí àtẹ̀gùn. Ọjọ́ kẹta tí wọ́n ní Honorine lọ, òun fúnra rẹ̀ ti wá sí ilé yìí wá tu ọkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nínú. Ilé ìdáná tó wà lókè gan-an ni wọ́n jókòó sí, Anselme sì se ọbẹ̀ kábéèjì. Bí wọ́n ṣe ń jẹun lọ, Colombe gbọ́ ohun kan lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, kò-kò-kò, ó dákẹ́, kò-kò-kò. Ó dá síbí dúró. Anselme ní eku ni, pé wọ́n ti pọ̀ jù láàárín àwọn àgbá.

Ó dá Anselme lóhùn pé kó wá májèlé fún wọn. Lẹ́yìn náà ó na àwo rẹ̀ sí i, ó ní kó bá òun bu ọbẹ̀ sí i.